Ikú Ilé, Ikú Òde: Òtútù Àyà Àwọn Àgùtàn Orí Òkè

Ẹ̀dọ̀fóró àgùtàn tí òtútù àyà pa kì í fara pamọ́. Bí a bá ti ṣí ìhà, apá iwájú tó wà nísàlẹ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ bá: ó ti pọ́n dúdú, ó ti le gbagidi, ẹ̀dọ̀ ni alápatà ìbá pè é, kò ní pè é ní fùkù. A gé ẹyọ kan nínú rẹ̀ sínú omi, ó rì. Fùkù tó yè kì í rì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni yóò gbé e léfòó. Nígbà mìíràn ó ti lẹ̀ mọ́ ìhà, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tó ki ló so wọ́n pọ̀, ọwọ́ la ó fi yà wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá sì wọ inú rẹ̀, ọyún ló ń tẹ̀lé ọ̀bẹ jáde. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran. Ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣe é láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, nítòsí àwọn òkè Rocky, níbi tí àgùtàn igbó tí wọ́n ń pè ní bighorn ń gbé. Irú fùkù bẹ́ẹ̀ tó ti kọjá lábẹ́ ọ̀bẹ mi kò kéré.

Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé kòkòrò tó pọ̀ jù nínú fùkù òkú àgùtàn kì í sábà jẹ́ òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló yẹ kí á wá. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé náà ló sì ṣòro jù láti rí, nítorí kì í pariwo, kì í tètè hù nínú àwo àyẹ̀wò, àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sì ti bo ipasẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òkú tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ẹran náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa àgùtàn ilé nìkan la mọ̀. Àárín àpáta gíga ló ń gbé, níbi tí ìkookò àti ẹkùn òkè kò ti lè tètè lé e bá. Ìwo àgbò rẹ̀ a máa ká yí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ po. Ìwo méjèèjì pẹ̀lú agbárí lè wọ̀n tó kìlógíráàmù 14. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun dé sí àwọn òkè yẹn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún pẹ̀lú ìbọn àti ọ̀wọ́ àgùtàn ilé, àgùtàn igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ó sì tán pátápátá ní ibi púpọ̀. Ní Hells Canyon, àfonífojì jíjìn tí odò Snake là kọjá láàrin Idaho, Oregon àti Washington, kò ku ẹyọ kan nígbà tó fi máa di 1945. Láti 1971 ni ìjọba ti ń kó òmíràn wá síbẹ̀ láti ibòmíràn. Wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń gbilẹ̀. Nígbà tó di ìgbà òtútù 1995 bọ́ sí 1996, òtútù àyà wọ àárín wọn, nǹkan bí 300 sì bá a lọ.

Ta ló pa wọ́n? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí lọ, ìdáhùn rẹ̀ sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà.

Aràn ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Aràn inú fùkù kan wà, Protostrongylus, tó ń gba ara ìgbín kéékèèké wọ inú àgùtàn, tó sì lè ti inú ìyá bọ́ sára ọmọ kí wọ́n tó bí i. Ní Colorado, wọ́n a máa po oògùn aràn mọ́ èérún èso ápù, wọ́n a dà á sílẹ̀ fún àgùtàn igbó ní ìgbà òtútù. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọkàn ṣe ni, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀ láé. Àmọ́ agbo tí aràn kún inú rẹ̀ ń bẹ tí kò kú, agbo tí aràn rẹ̀ kò tó nǹkan náà sì kú.

Wọ́n tún wo fáírọ́ọ̀sì. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn agbo kan, a rí àmì pé parainfluenza 3 ti bá wọn jà rí. Nínú òmíràn, respiratory syncytial virus, irú èyí tó ń mú màlúù. Nínú àwọn agbo mìíràn tí òtútù àyà gbá lọ, a kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Fáírọ́ọ̀sì lè dá kún ìyà ẹran tó ń ṣàìsàn, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Kò lè jẹ́ òun ni olórí ẹ̀bi ní ibi tí kò tilẹ̀ dé rárá.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ojú yí sí bakitéríà kan tí à ń pè ní Pasteurella haemolytica nígbà náà, tó di Mannheimia haemolytica ní 1999. Ẹ̀bi rẹ̀ rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí ó ń pa ẹran ní tòótọ́. Májèlé kan ni ó ń tú jáde tó ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn gan-an tí ara rán wá láti bá a jà. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn bá sì ti ń kú, ohun tó wà nínú wọn a tú sínú fùkù, a sì máa jẹ ẹran ara tí wọ́n wá gbà sílẹ̀. Ti bighorn burú ju ti àgùtàn ilé lọ, nítorí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ kì í lè fara da májèlé yìí tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sínú fùkù àgùtàn igbó nínú yàrá àyẹ̀wò, kì í pẹ́ tí ẹran fi ń kú.

William Foreyt ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington, ní ìlú Pullman, ló ṣe ìdánwò tí gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí kà nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́. Ó kó àgùtàn igbó 6 sínú ọgbà kan náà pẹ̀lú àgùtàn ilé 6 tí ara wọn dá ṣáṣá. Láàrin ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kọkànléláàádọ́rin, àwọn ti igbó kú tán, gbogbo wọn. Kò sí ohun tó ṣe àwọn ti ilé. Ọdún 1989 ni ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, Pasteurella haemolytica yìí ni ó sì bá lára gbogbo òkú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó lè bá ọ jiyàn pé àgùtàn ilé tó mọ́ tónítóní kò léwu fún àgùtàn igbó.

Àmọ́ ohun kan wà tí kò bára mu, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Mannheimia kì í ṣe àjèjì. Ọ̀fun àgùtàn tó yè ni ilé rẹ̀. A rí i lára agbo tí kò wúkọ́ rí. Bí ó bá ti ń gbé inú ilé láti ọjọ́ yìí wá láìṣe nǹkan, kí ló wá mú un dìde ní ọjọ́ kan ṣoṣo kó pa ìdajì agbo? Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Lára àgùtàn orí òkè, tòde ló ń ṣáájú, òun ló ń jí ti ilé dìde.

Ikú òde náà ni Mycoplasma ovipneumoniae. Ọgbọ́n wà lára kòkòrò yìí. Kò ní ògiri lára bíi ti bakitéríà yòókù, nítorí náà pẹnisílíìnì, tí ògiri ni ó ń wó, kò rí nǹkan kan fi ṣe é. Ó ń lọ́ra láti hù, ó nílò oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, bakitéríà mìíràn a sì ti bo gbogbo àwo kí tirẹ̀ tó yọjú. Ìdí nìyí tí àwọn yàrá àyẹ̀wò fi ṣì í mú lọ́pọ̀ ọdún, títí àyẹ̀wò PCR fi dé tó jẹ́ kí á lè wá àmì rẹ̀ láìdúró de pé ó hù. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára kò lágbára lójú. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ àwọn irun tíntìntín tó wà ní ojú ọ̀nà èémí. Iṣẹ́ àwọn irun yìí ni láti máa gbá ikun àti ìdọ̀tí gòkè sí ọ̀fun, kí ẹran lè wú u jáde tàbí kó gbé e mì. Bí Mycoplasma bá ti dí wọn lọ́wọ́, gbígbá dáwọ́ dúró. Ohunkóhun tó bá ti ọ̀fun jábọ́ sísàlẹ̀ á jókòó síbẹ̀, Mannheimia, Bibersteinia trehalosi, Pasteurella multocida, àti àwọn mìíràn tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Àwọn wọ̀nyí la wá ń bá nínú òkú, tí à ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀.

Láàrin 2008 sí 2010, òtútù àyà gbá ọ̀pọ̀ agbo ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Thomas Besser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Pullman kan náà, gba fùkù àgùtàn 44 láti inú agbo tí àjàkálẹ̀ 8 kọlù, wọ́n sì fi wé ti agbo tí ara wọn le. Ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣàìsàn ní Mycoplasma yìí. Nínú àwọn agbo tó yè, òdo. Ohun tó sì tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí: nínú àjàkálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà Mycoplasma kan ṣoṣo ni wọ́n bá lára gbogbo ẹran, bó ṣe máa ń rí nígbà tí àrùn bá ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ràn dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn bakitéríà yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lára ẹran kan, kò sí lára èkejì. Ọdún 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún ìdánwò ọgbà Foreyt ṣe, ṣùgbọ́n àgùtàn ilé tí kò ní Mycoplasma rárá ni wọ́n kó ti àgùtàn igbó 4. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yè.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà tán. Nínú yunifásítì yẹn náà, Subramaniam Srikumaran àti àwọn tirẹ̀ di ìhà Mannheimia mú, ọwọ́ wọn kò sì ṣófo. Ní 2010, wọ́n fi èròjà kan sára Mannheimia tó ń jẹ́ kó tàn bí ewé tútù lábẹ́ iná, wọ́n fi í sí ọ̀fun àgùtàn ilé, wọ́n wá kó àwọn yẹn pọ̀ mọ́ bighorn 4. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú, Mannheimia tó ń tàn náà ni wọ́n sì bá nínú fùkù wọn. Ẹ̀rí ojú ni, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ. Ní tèmi, ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìhà méjèèjì ń dáhùn. Bí o bá bi mí pé kí ló pa ẹran tó wà lórí tábìlì yìí, mo lè dárúkọ Mannheimia láìṣiyèméjì. Bí o bá bi mí pé kí ló dé sínú agbo yìí ní oṣù tó kọjá tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Mycoplasma ni. Ìbéèrè kejì yìí ni ẹni tó fẹ́ gba àwọn tó kù là gbọ́dọ̀ máa bi.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Àjàkálẹ̀ àkọ́kọ́ lè pa ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbo, ó lè pa 90, lẹ́yìn náà àwọn àgbà tó yè á padà sanra, irun wọn á dán, ènìyàn á rò pé ó ti tán. Nígbà tí wọ́n bá bímọ ní ìgbà tí yìnyín ń yọ́, ọmọ á dára, á máa fò lórí àpáta. Ààbò tó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ ló ń gbé e ró. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rìnlá, ààbò yẹn á ti ṣá. Àwọn ìyá a máa kó ọmọ wọn jọ sójú kan, ọmọ a máa fi imú kan imú ara wọn bí wọ́n ti ń ṣeré, ọmọ kan ṣoṣo tó ti gba kòkòrò náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ á sì ràn án mọ́ gbogbo wọn. Awò awòjìnnà la fi ń wò wọ́n láti òdìkejì àfonífojì. Etí kan á kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, nítorí kòkòrò náà ti wọ inú etí. Orí á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ náà á dúró wúkọ́, á tún sáré lé àwọn yòókù, á tún dúró. Nígbà tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ìyá rẹ̀ á máa rìn lórí àpáta lóun nìkan, ọmú rẹ̀ á wú. Mo ti rí agbo tí kò sí ọmọ kan tó rí ìgbà òtútù àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní Hells Canyon, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ láti ọdún dé ọdún lẹ́yìn àjàkálẹ̀ 1995. Agbo tí ọmọ kò yè nínú rẹ̀ ti ń kú lọ, bí a tilẹ̀ ń rí àgbà ẹran lórí òkè.

Ibo ni kòkòrò ń fara pamọ́ sí láàrin àjàkálẹ̀ kan sí èkejì? Imú àwọn abo kan ni. Ọ̀pọ̀ ẹran tó bá yè á lé e kúrò lára, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kì í lè lé e lọ láé. Ara wọn le, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí, wọ́n sì ń tú u síta lọ́dọọdún. Láti mọ̀ wọ́n, hẹlikópítà á ju àwọ̀n lé ẹran lórí yìnyín, a ó fi aṣọ bò ó lójú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, a ó ti òwú tó wà lórí igi jinlẹ̀ sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì, a ó yí i, a ó sọ ọ́ sínú omi oúnjẹ kòkòrò. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, nítorí ẹran tó gbà á lónìí lè bọ́ nínú rẹ̀ kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí a bá bá a lára rẹ̀ léraléra ni ẹlẹ́rù. Ní Custer State Park ní South Dakota, wọ́n mú irú àwọn abo bẹ́ẹ̀ kúrò nínú agbo. Òtútù àyà dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé pípa ẹran tí kò ṣàìsàn lójú burú. Ó burú lóòótọ́, ó sì ń dun àwa tí à ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọmọ tí ìyá kan ṣoṣo lè pa láìmọ̀.

Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lè dí Mycoplasma yìí lọ́nà lára àgùtàn igbó. Oògùn apakòkòrò kò sì wúlò fún ẹran tí o kò lè rí mú lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kù ni kí àgùtàn ilé àti ti igbó má fojú kanra. Ní 2010, àwọn tó ń bójú tó Payette National Forest ní Idaho pinnu láti dín ilẹ̀ tí àgùtàn ilé ti ń jẹko níbẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn olówò irun àgùtàn gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá wọn lẹ́bi ní 2016. Mo mọ àwọn tó ń da ẹran lórí òkè wọ̀nyẹn, púpọ̀ nínú wọn láti orílẹ̀-èdè Peru ni wọ́n ti wá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn kò rọrùn, àwọn kọ́ ni wọ́n sì dá àrùn sílẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kí wọ́n kúrò lórí òkè, owó ló yẹ kó bá àṣẹ wá, kí wọ́n sì fún wọn ní koríko níbòmíràn. Síbẹ̀, ìpinnu náà tọ́. Ní ìgbà tí ẹran ń gùn, àgbò igbó kan lè rin ọ̀nà jíjìn lọ bá abo àgùtàn ilé tó gbóòórùn rẹ̀, kó sì gbé kòkòrò padà wálé. Ewúrẹ́ náà ní Mycoplasma tirẹ̀, àmọ́ ìdánwò fi hàn pé èyí tó ti ara ewúrẹ́ wá kì í le tó ti àgùtàn.

Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà, yàtọ̀ sí àwọn tí mo ti fi sílẹ̀ lókè, tí òun náà jẹ́ ikú òde, àwa Yorùbá sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kata ni. Peste des petits ruminants ni àwọn ìwé ń pè é. Ní 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, ní Côte d'Ivoire. Ojú àti imú ẹran á máa ṣomi, omi náà á ki títí yóò fi dí ihò imú, ẹnu á dégbò, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, èémí á nira. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà ń ṣe ni pé ó ń wó àwọn ọmọ ogun ara lulẹ̀, Mannheimia tó ti wà lọ́fun á wá sọ̀ kalẹ̀ sínú fùkù. Ìtẹ̀lé kan náà ni pẹ̀lú ti Hells Canyon. Òtútù àyà nìkan ni onílé á sì rí, á máa ra oògùn ikọ́.

Kata kò dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Láàrin 2007 sí 2008, ó pa bharal, tí àwọn kan ń pè ní àgùtàn búlúù, lórí òkè Tibet. Ní 2016, ó wọ inú ẹran ọ̀sìn ní Mongolia, ó bọ́ sára saiga, ẹran igbó tí kò pọ̀ mọ́ láyé nígbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Ní ti èyí, ohun ìjà wà, ilẹ̀ wa ló sì ti jáde. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà lára ẹran ní Nàìjíríà ní 1975, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Nigeria 75/1, ni wọ́n rọ̀ lágbára tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò títí di òní. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti àjọ tó ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé sì ti fi 2030 ṣe àfojúsùn pé kí kata tán láyé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin àgùtàn àti ewúrẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ mi sí yín kò pọ̀. Bí ẹ bá ra àgbò lọ́jà fún Iléyá, ẹ má ṣe tú u sínú agbo ilé lọ́jọ́ náà, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó. Ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó ní ọpọ́n omi tirẹ̀. Kí ọjà Iléyá sì tó gbóná lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lọ bá dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ kata fún gbogbo ẹran yín, tọmọ tàgbà.